Ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ìlú àti àyíká

Ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ìlú àti àyíká jẹ́ ẹ̀kọ́ yunifásítì tí ó dá lórí kíkọ́ àti títọ́jú ọ̀nà, afárá, dáàmù, gọ́tà àti ètò omi mímu, láì ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ìlú Èkó kó ìlú àti àyíká pọ̀ sí ẹ̀ka kan. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún omi àti àyíká.

Ètò ẹ̀kọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò ṣe ìdánwò JAMB nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì. Ọdún 5 ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ a tún lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973.

Ẹ̀kọ́ nípa omi

Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí a ti ń wọn òjò, àti bí a ti ń mọ iye tí ilẹ̀ yóò fà mu àti iye tí yóò ṣàn lọ. Òfin tí Henry Darcy, ọmọ ilẹ̀ Fránsì, gbé jáde ní ọdún 1856 lórí bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá ni a ṣì ń lò fún omi abẹ́ ilẹ̀.

Fún omi orí ilẹ̀, bí òjò tí ó tó mìlímítà 50 ní wákàtí kan bá ń rọ̀ sórí hẹ́kítà 10, tí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì ń ṣàn, omi náà yóò tó lítà 278 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí kọnkéré àti òrùlé bá bo ilẹ̀ kan náà, tí ìdá 90 sì ń ṣàn, yóò di lítà 1,250. Gọ́tà tí ó tó fún ti àkọ́kọ́ kò lè gba ti èkejì.

Àpẹẹrẹ Ìbàdàn

Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà odò àti ìdọ̀tí tí ó dí i wà lára ohun tí ó fà á. Lẹ́yìn náà, a fi kọnkéré la ọ̀nà fún odò náà. Síbẹ̀, omíyalé ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ, ọdún 2011 tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 nílùú náà, ó sì ba àdúgbò ẹ̀bá odò mìíràn jẹ́, títí kan Àpẹ̀tẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ilẹ̀ tí ń da omi sínú odò ni ẹ̀kọ́ yìí ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ojú odò nìkan.

Ìforúkọsílẹ̀

Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì nìkan kò tó láti ṣiṣẹ́ ẹnjiníà lábẹ́ òfin Nàìjíríà. COREN, àjọ tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀, ni ó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti ní ìrírí lẹ́nu iṣẹ́.