Twins Seven Seven: Ara Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Tẹ́ ẹ bá ti wọkọ̀ rí ní Gáréèjì Ẹ̀pẹ́ n'Íkòròdú, ẹ mọ àwọn tó ń ta oògùn ìbílẹ̀, tí sípíkà wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Irú wọn ni Táíwò Ọláníyì ń bá jó kiri nígbà tó dé Òṣogbo ní 1964. Ó jó wọ Mbárí Mbáyọ̀, nílé Dúró Ládiípọ̀, Ulli Beier sì ní kó dúró. Georgina, ìyàwó Beier, ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán níbẹ̀.

Orúkọ yẹn ńkọ́? Ó ní ìgbà méje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹ wá wo àwòrán rẹ̀: ojú nínú ikùn, ẹranko tó ní ojú èèyàn, ara kan tí ara mìíràn ń yọjú nínú rẹ̀. Àwọn kan ní surrealism ni. Lójú tèmi o, àbíkú ló ń yà: ara tó ti wá, tó ti lọ, tó tún padà dé.

Ní 1989, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi àfihàn Magiciens de la Terre ní Paris. Àmọ́ nígbà tí nǹkan le fún un ní Philadelphia, ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù kan ló ń bójú tó. Oníbàárà á gbé mọ́tò sílẹ̀, á kọjá lára rẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n?

UNESCO dá a lọ́lá ní 2005. Ó kú n'Íbàdàn ní 2011, lẹ́ni ọdún 67. Ẹ wá àwòrán rẹ̀ lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àwọn ojú kéékèèké wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní kọ́kọ́ rí.