Ilé lẹ̀ ń tà, àbí ìwé?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Houston pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti sanwó kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń kọ́ni ní wholesaling. Wọ́n ní, “Ìwọ tó o máa ń ka ìtàn, ṣé ìjọba ò ní gbé mi báyìí?” Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ díẹ̀. Ohun tí mo rí rèé. Ó gùn o, ẹ fara dà á.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: ká ní ẹ rí ilé bàbá àgbà kan, ẹ bá wọn ṣàdéhùn pé ẹ máa rà á ní $80,000. Ẹ ò tíì sanwó, ẹ kàn buwọ́ lùwé ni. Kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, ẹ wá ẹni tó máa gba àdéhùn yẹn lọ́wọ́ yín, tó sì máa fún yín ní $15,000 lórí rẹ̀. Òun ló ra ilé. Ẹ̀yin mú èrè yín, ó parí.

Òfin Amẹ́ríkà ò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹ̀tọ́ inú ìwé àdéhùn, ohun ìní ni; ẹ lè gbé e fún ẹlòmíì, àfi tí ìwé náà bá ní ẹ ò gbọdọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà ilé ni wàhálà ti wá. Láyé ọjọ́un, ẹnikẹ́ni ló lè dúró láàárín ẹni tó ń ta ilé àti ẹni tó ń rà á. Àwọn alágbàtà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1908, wọ́n sì fẹ́ kí ìjọba máa fún èèyàn níwèé àṣẹ. California ṣòfin rẹ̀ ní 1917, kóòtù fagi lé e, wọ́n tún ṣe òmíì ní 1919. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ń tẹ̀ lé wọn. (Ṣé ire aráàlú ni wọ́n ń wá, àbí wọ́n fẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́ àwọn míì? Lójú tèmi, méjèèjì ni.) Látìgbà náà, ẹni tó bá ń bá onílé tajà gbowó gbọ́dọ̀ níwèé àṣẹ, ẹni tó ń ta nǹkan ara ẹ̀ ò nílò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti dojú rú nìyẹn. Ilé kì í ṣe tiyín, ìwé jẹ́ tiyín.

Ẹ jẹ́ ká dúró ní Chicago díẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Láti 1934 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó ilé, àmọ́ wọ́n fo àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Báǹkì ò yá wọn lówó. Láwọn ọdún 1950 sí 1960, àwọn oníṣòwò kan á lọ dẹ́rù ba àwọn aláwọ̀ funfun pé àwọn dúdú ń bọ̀, wọ́n á ra ilé wọn lówó pọ́ọ́kú, wọ́n á wá tà á fún ìdílé aláwọ̀ dúdú ní bí ìlọ́po méjì, lórí àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀. Oṣù kan tó o bá kùnà, o lè pàdánù ilé àti gbogbo owó tó o ti san. Ní 1968, àwọn ará Lawndale dá Contract Buyers League sílẹ̀, wọ́n sì kọ̀, wọn ò san owó oṣù mọ́. Wọ́n bá àwọn kan tún àdéhùn wọn ṣe. Kóòtù ò dá wọn láre.

Wholesaling kọ́ nìyẹn, mo mọ̀. Àmọ́ ibi tí èrè ti ń wá jọra: ẹni tó ń tà ò mọ iye tílé rẹ̀ tó, ẹni tó wà láàárín mọ̀ ọ́n.

Ní 1980, Robert Allen gbé ìwé Nothing Down jáde, nípa ríra ilé láìní owó lọ́wọ́. Tẹlifíṣọ̀n gbà á, YouTube gbà á. Àwọn aṣòfin náà wá jí. Texas, 2017: ẹ lè ta àdéhùn láìníwèé àṣẹ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń rà á pé àdéhùn ni, kì í ṣe ilé. Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, 2019: tó bá ti di méjì láàárín oṣù méjìlá, ẹ lọ gbàwé àṣẹ. Oklahoma, 2021: ẹni tó bá máa polówó àdéhùn ní gbangba, àfi kó níwèé àṣẹ. South Carolina, 2024: ẹ ò gbọdọ̀ polówó ilé tí kò tíì di tiyín.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà, mo ní Texas dára sí wọn. Mo ní kí wọ́n fi ìpolówó tí wọ́n fẹ́ gbé síta ránṣẹ́ sí mi. Fọ́tò mẹ́fà, pálọ̀, kíṣìnì, gbogbo ẹ̀. Lókè rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: “Mo fẹ́ ta ilé mi.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ilé ta ni?”