Àtẹ Ọ̀nà Inú Ráútà àti Wíwá Ibi Tí Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Ti Já ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Àtẹ ọ̀nà ni àkọsílẹ̀ tí ráútà kọ̀ọ̀kan ń gbé pamọ́ sínú ara rẹ̀, tó fi ń mọ ibi tí yóò darí páákẹ́ẹ̀tì dátà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí. Routing table ni àwọn oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń pè é. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, àtẹ yìí wà lára ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló máa sọ ohun tí ráútà rò pé òun ń ṣe. Ohun tó rò àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà gan-an kì í fìgbà gbogbo bára mu. Àárín méjèèjì yìí ni ẹni tó ń wá àbùkù ti ń ṣiṣẹ́.

Ní Àpápá, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ọmọ tó fẹ́ wo fídíò. Láti ìgbà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ PAAR ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, orí kọ̀ǹpútà ni ìwé ìdíyelé ẹrù ti ń jáde. Láti òpin oṣù Kejì ọdún 2021 sì ni dírẹ́bà tírélà ti gbọ́dọ̀ gba àyè lórí ètò ìpè tí wọ́n sọ ní Ètò kó tó forí lé èbúté. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dákú ní ọ́fíìsì ajẹ́ńtì tó ń báni gbẹ́rù jáde ní Wharf Road tàbí Creek Road, kọ̀ńténà á dúró, owó dìmọ́rèèjì á sì máa gorí ara wọn. Ní Ajégúnlẹ̀ tó múlé tì í, tí ilé há mọ́ ilé, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn yọ: rédíò kékeré kan lórí òrùlé, ráútà kan nínú ṣọ́ọ̀bù, àti gbogbo ojúlé tí wọ́n jọ ń pín in lò. Níbi méjèèjì, gbólóhùn kan náà lèèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́: "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa." Gbólóhùn yẹn ò tíì sọ nǹkan kan.

Ìlà ìlà ni àtẹ ọ̀nà. Ìlà kọ̀ọ̀kan dárúkọ agbo àdírẹ́sì kan, ó sọ ráútà tó kàn tí a ó gbé ẹrù náà fún, ó sọ ojú ihò tí yóò gbà jáde, ó sì gbé nọ́ńbà kan kalẹ̀ tí a fi ń mọ èyí tó yá jù nígbà tí ọ̀nà bá pé méjì. Bí a bá rí 192.168.1.0/24, 24 yẹn ń sọ pé bíìtì 24 àkọ́kọ́ nínú 32 tó wà nínú àdírẹ́sì kò gbọ́dọ̀ yí padà, ìyẹn ni pé àdírẹ́sì 256 ló wà nínú agbo náà. Bí àdírẹ́sì kan bá bá ìlà méjì mu, èyí tó ṣe pàtó jù ni ráútà yóò tẹ̀lé: /24 á borí /16. Ìlà tó kéré jù nínú ìṣe pàtó ni 0.0.0.0/0, tí wọ́n ń pè ní default. Gbogbo ohun tí ráútà ò mọ̀ rárá, ibẹ̀ ló ń kó o gbà.

Ráútà kankan ò mọ ọ̀nà délé. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà Kirikírì ní Bọ́ńdárì, ohun tí wọ́n máa sọ fún un ni pé kó lọ sí Olódì ná, kó wá béèrè níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ráútà ṣe ń ti páákẹ́ẹ̀tì sí ẹni tó kàn, tí kò sì tún bìkítà mọ́. Nítorí náà ni àtẹ kan ṣoṣo kò fi lè jẹ́rìí sí gbogbo ìrìn-àjò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìlà ń gbà wọ inú àtẹ. Òmíràn wọlé fúnra rẹ̀ nítorí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà so mọ́ ara ráútà tààrà. Òmíràn, èèyàn ló fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìyókù, àwọn ráútà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ fún un, nípasẹ̀ OSPF láàárín ilé-iṣẹ́ kan, tàbí BGP láàárín ilé-iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Ráútà Cisco ní òṣùwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé fún wọn: 0 fún èyí tó so tààrà, 1 fún èyí tí a fọwọ́ tẹ̀, 20 fún BGP tó wá láti ìta, 110 fún OSPF, 120 fún RIP. Èyí tó kéré jù ló ń borí. Ìyẹn ni pé bí ẹnì kan bá fọwọ́ tẹ ọ̀nà tí kò tọ́, ráútà yóò gbà á gbọ́ ju gbogbo ohun tí OSPF bá sọ lọ. Mo rò pé ibi tí ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ráútà kàfé ní Ajégúnlẹ̀ lè má ní ju ìlà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi BGP gba gbogbo ọ̀nà ayé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan fún IPv4 nìkan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, àtẹ náà kọjá 512,000 ìlà, àwọn ráútà àtijọ́ tí àyè tí wọ́n ní kò ju iye yẹn lọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège kárí ayé.

Kí a tó ṣí àtẹ rárá, ó yẹ ká mọ ibi tí ọ̀nà ti já. Kọ̀ǹpútà tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 kò tíì rí ẹni fún un ní àdírẹ́sì, kò sì ní default kankan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ráútà. Bí ó bá ní àdírẹ́sì, a ó fi ping kan ráútà inú ilé, lẹ́yìn náà a ó kan 8.8.8.8 níta. Bí 8.8.8.8 bá dáhùn àmọ́ tí orúkọ wẹ́ẹ̀bù kò ṣí, DNS, tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì, ló ṣàìsàn, ẹ fi àtẹ ọ̀nà sílẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tracert lórí Windows tàbí traceroute lórí Linux yóò fi àdírẹ́sì tó dáhùn gbẹ̀yìn hàn. Àtẹ ráútà ibẹ̀ ni kí a lọ kà: show ip route lórí Cisco, /ip route print lórí MikroTik, ip route lórí Linux, route print lórí Windows. Irú ìdáhùn tí ping mú wá pàápàá ń sọ̀rọ̀. Bí ráútà kan bá dá wa lóhùn pé kò sí bí a ṣe lè dé ibẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀nà ni kò sí nínú àtẹ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kẹ́kẹ́ pa, ó ṣeé ṣe kí páákẹ́ẹ̀tì ti lọ kí èsì má rí ọ̀nà bọ̀, tàbí kí fáyàwọ́ọ̀lù ti gbé e mì.

Àìsàn kan tó wọ́pọ̀ ni pé default ti pòórá. Lórí Cisco, òkè àtẹ náà ni yóò ti sọ ọ́: Gateway of last resort is not set. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà tẹ ọ̀nà wọlé, gbogbo nǹkan ń lọ geerege, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kò pa á mọ́ sínú startup-config, àkọsílẹ̀ tí ráútà ń kà bó bá tún tan. Ní ọjọ́ tí NEPA mú iná lọ tí ínfátà kò sì gbé e, ráútà tún ara rẹ̀ tan, ó sì gbàgbé. Wáyà pé, iná ìdí ráútà ń ṣẹ́jú, àmọ́ kò mọ ibi tó máa gbà. Linux náà máa ń gbàgbé ọ̀nà tí a bá fi ip route add sí i. Ti MikroTik yàtọ̀, ó ń pa á mọ́ lójú ẹsẹ̀, bóyá ọ̀nà náà dára tàbí kò dára.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àdírẹ́sì tó jọra. Láti ọdún 1994 ni a ti ya 10.0.0.0/8, 172.16.0.0/12 àti 192.168.0.0/16 sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé, àwọn tó ń ṣe ráútà olówó pọ́ọ́kú sì fẹ́ràn 192.168.1.0/24 bí nǹkan míì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ́fíìsì kan ní Àpápá fẹ́ fi VPN so mọ́ ilé ẹrù rẹ̀ ní Tin Can, tí ìhà méjèèjì sì ń lo 192.168.1.0/24. Kọ̀ǹpútà 192.168.1.20 ní ọ́fíìsì ń wá 192.168.1.50 tó wà ní ilé ẹrù. Ó wo àtẹ tirẹ̀, ó rí i pé agbo náà so mọ́ òun tààrà, ó wá ń pariwo orúkọ rẹ̀ nínú yàrá tó wà. VPN ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí páákẹ́ẹ̀tì kankan tó yà síbẹ̀. A lè pààrọ̀ ráútà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní yanjú. Àfi kí a yí àdírẹ́sì ìhà kan padà. Irú rẹ̀ náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ki ráútà tuntun bọ ìdí MiFi tí àwọn méjèèjì jọ ń lo agbo àdírẹ́sì kan náà.

Ẹni tó lówó díẹ̀ máa ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì kí ọ̀kan lè gbè é bí èkejì bá ṣubú. Default méjì ni yóò wà nínú àtẹ, ọ̀kan pẹ̀lú distance 1, èkejì pẹ̀lú 2. Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ wáyà tó ti ráútà lọ sí rédíò orí òrùlé ṣì wà láàyè nígbà tí fáíbà ilé-iṣẹ́ náà ti já lọ́nà jíjìn, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ gọ́tà. Ráútà rí i pé ojú ihò òun ṣì wà lókè, ó di ọ̀nà àkọ́kọ́ mú gírígírí, ó ń da dátà sínú kòtò, ọ̀nà kejì sì jókòó lásán. Check-gateway tó wà lórí MikroTik kò tó, torí pé ẹnu ọ̀nà tó kàn nìkan ló ń kan, ẹnu ọ̀nà yẹn sì ń dáhùn. Ohun tó wà lókèèrè ló yẹ kí ọ̀nà náà gbára lé, kó lè jẹ́ pé bí ìyẹn bá dákẹ́, ìlà àkọ́kọ́ á yọ kúrò nínú àtẹ.

Ọ̀nà àbọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Páákẹ́ẹ̀tì dé, èsì ò mọ ilé, nítorí pé ráútà ìhà kejì kò ní ìlà fún agbo tí ìbéèrè ti wá. Àtẹ ìhà tiwa mọ́ kedere, a sì ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ráútà méjì ló ń nawọ́ síra wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà pé èkejì ló mọ̀nà, traceroute yóò máa tún àdírẹ́sì méjì kan náà pè léraléra títí yóò fi pé iye ráútà tó lè kà.

Àṣìṣe àtẹ ọ̀nà tó lókìkí jù láti Èkó kò ní í ṣe pẹ̀lú ráútà kàfé. MainOne, ilé-iṣẹ́ tí Funke Opeke dá sílẹ̀, ló na wáyà abẹ́ òkun tó ti Pọ́túgà dé Èkó ní ọdún 2010. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà láàárín àwọn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ayé ni AS37282. Nígbà náà, ó ń bá Google pààrọ̀ dátà ní IXPN, ibùdó tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé ní Nàìjíríà. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, wọ́n ń tún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn ṣe, àṣìṣe sì wọ inú àwọn asẹ́ BGP wọn. Ọ̀nà Google tó lé ní 200, tó yẹ kó dúró sí ilé, jò dé ọ̀dọ̀ China Telecom. China Telecom gbà á láìbéèrè, ó sọ fún ẹlòmíràn, TransTelecom ti Rọ́ṣíà náà gbà á. Fún ìṣẹ́jú 74, dátà àwọn èèyàn tó ń lọ sọ́dọ̀ Google láti oríṣiríṣi ibi láyé yà sí Ṣáínà, ibẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ sì parí sí. Àwọn kan kọ́kọ́ pariwo olè. MainOne jáde, ó ní àṣìṣe òun ni, ó sì ti tún un ṣe. Lójú tèmi, ẹ̀bi ẹni tó gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò kò kéré sí ti ẹni tó jẹ́ kó jò. RPKI, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé òun ni ojútùú, kì bá tí rí i, torí pé ẹni tó ni àdírẹ́sì ló ń wò, Google ló sì ni wọ́n lóòótọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kò tọ́. Ìlànà RFC 9234, tó kan irú jíjò yìí gan-an, kò jáde títí di ọdún 2022.

IXPN tí a dárúkọ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, tún wúlò fún àyẹ̀wò mìíràn. Bí oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan ní Ajégúnlẹ̀ bá ń wá sáfà tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Èkó kan náà, ìdáhùn yẹ kó dé láàárín mílísẹ́kọ́ndì díẹ̀. Bí traceroute bá ń fi nǹkan bí 100 hàn, ó ṣeé ṣe kí páákẹ́ẹ̀tì ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà wá sí òdìkejì Èkó. Kò sí ohun tó já. Àtẹ ẹnì kan ló fẹ́ràn òkèèrè ju aládùúgbò lọ, oníbàárà á sì máa sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì òun ń falẹ̀.

Àtẹ ọ̀nà ní ohun tí kò lè sọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ẹni tó gbára lé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, tó sì ń fi BGP gba ọ̀nà, rí i pé ìlà ti kúrò nínú àtẹ rẹ̀, ó kéré tán ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Àwọn tó ní ọ̀nà lórí wáyà mìíràn, Equiano tàbí Glo-1, rí àtẹ tó pé, tó mọ́ tónítóní, nígbà tí dátà wọn ń fà bí ìgbín, nítorí pé gbogbo èrò ti rọ́ sójú ọ̀nà tó kù. Àtẹ ń sọ pé ọ̀nà wà. Kò ní ìlà fún gò-silóò. Ping tí a bá fi sílẹ̀ kó máa lọ fún bíi wákàtí kan ló máa fi páákẹ́ẹ̀tì tó ń sọnù hàn.

Ohun kan wà tí àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ṣe tí kò gba owó: ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan dára, wọ́n á da àtẹ náà kọ sínú fáìlì, wọ́n á kọ ọjọ́ sí i lórí, wọ́n á sì fi pamọ́ síbi tí kì í ṣe orí ráútà náà. Lọ́jọ́ tí ọ́fíìsì bá dákú, wọ́n á fi tòní wé tàná, ìlà tó bá sọnù tàbí tó yí padà á sì hàn kí ẹnikẹ́ni tó gun òrùlé lọ fọwọ́ kan rédíò.