Fọ́tò Dúdú-àti-Funfun Àwọn Àgbà: Àkọsílẹ̀ Ìtàn Tí Ó Ń Bọ́ Sọnù Ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ agboolé ilẹ̀ Yorùbá, fọ́tò bàbá tàbí ìyá àgbà kan ni ojú àlejò máa ń kọ́kọ́ bá lára ògiri pálọ̀. Dúdú-àti-funfun ni, inú férémù ni ó wà, àgbà náà sì jókòó lórí àga, ó kọjú sí wa. Àwọn onímọ̀ ti kọ iṣẹ́ púpọ̀ lórí ère gbígbẹ́, ṣùgbọ́n irú fọ́tò yìí kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé òótọ́ ni kámẹ́rà jẹ́ ohun àjòjì, ṣùgbọ́n ìlànà tí a fi ń ya àgbà jẹ́ ohun tí a jogún.

Bí kámẹ́rà ṣe dé ọwọ́ wa

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò ní Paris. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn ènìyàn dúdú ti ń fi iṣẹ́ náà jẹun ní Èkó. N. Walwin Holm, tí a bí ní Accra, ṣí sítúdíò síbẹ̀. George Da Costa náà, tí ó ti kọ́kọ́ jẹ́ alábòójútó ilé-ìtàwé CMS, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní 1895. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ náà tàn dé àwọn ìlú òkè.

Ìlànà yíya àgbà

Ní 1975, Stephen Sprague ṣe ìwádìí láàrin àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Ó ṣàkíyèsí pé àgbà a máa jókòó ṣánṣán, a kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ a wà lórí itan tàbí orúnkún, ẹsẹ̀ a sì là kí aṣọ lè tẹ́ dáadáa. Gbogbo ara ni wọ́n ń yà, láti orí dé ẹsẹ̀. Ó so ìlànà yìí mọ́ jíjọra, ìyẹn ni pé ère kò gbọdọ̀ jọ ènìyàn ní àjọjù, kò sì gbọdọ̀ ṣàìjọ ènìyàn.

A tún lè wo àkó Ọ̀wọ̀, tí Abíọ́dún (1976) ṣe àlàyé rẹ̀. Ère tí ó ga tó ènìyàn ni, tí wọ́n máa ń wọ aṣọ iyì olóògbé fún nígbà ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ti àkó yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ní láti jọ ti olóògbé. Ní èrò tiwa, fọ́tò àgbà mú nínú méjèèjì: ojú jọ ti ẹni náà bíi ti àkó, ìjókòó sì jẹ́ ti ère. Lawal (2001) túmọ̀ àwòrán sí à-wò-rántí. Ìtumọ̀ yìí bá fọ́tò àgbà mu gan-an.

Iṣẹ́ inú yàrá òkùnkùn

Ohun tí ó jẹ́ kí dúdú-àti-funfun pẹ́ nílẹ̀ ni pé onífọ́tò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ parí iṣẹ́ náà. Nínú òkùnkùn ni yóò ti rẹ fíìmù sínú oògùn tí ń mú àwòrán hàn, yóò rẹ ẹ́ sínú háípò kí àwòrán má baà ṣá, yóò sì fi omi ṣàn án. Lórí nẹ́gẹ́tíìfù tí yóò jáde, dúdú a di funfun, funfun a di dúdú, ewú àgbà a sì dúdú bí irun ọmọdé. Ibi tí ara ti hunjọ a máa mọ́lẹ̀ níbẹ̀; bí onífọ́tò bá fi pẹ́ńsù kùn ún díẹ̀, ìhunjọ náà a dínkù lórí páálí. Jíjọra ni èyí náà: àgbà kò di ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n a kò fi ogbó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ṣan háípò kúrò dáadáa, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ ju ọ̀pọ̀ fọ́tò aláwọ̀ lọ.

Ohun tí a ń pàdánù

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di Fátúmbí ní Kétu ní 1953, fi kámẹ́rà Rolleiflex ya àwọn ènìyàn wa ní Kétu àti Òṣogbo. Nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ tí ó lé ní 60,000 wà ní ìpamọ́ ní Salvador, ní Brazil, lọ́wọ́ àjọ tí ó dá sílẹ̀ ní 1988. Ti ọ̀pọ̀ onífọ́tò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá wọn tún fọ́tò ìyá bàbá mi tẹ̀ ní sítúdíò tí wọ́n ti yà á, onífọ́tò náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti sun àwọn àpótí nẹ́gẹ́tíìfù kí wọ́n lè fi yàrá náà ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹyọ kan tí ó kù ni ó wà lọ́wọ́ wa. Ọmọdébìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pa àrọ́bá náà kò ní dúró dè wá. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ti àgbà kan nílé rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò kan. Kí ó béèrè orúkọ, oríkì, aṣọ tí ẹni náà wọ̀, ìlú tí wọ́n ti yà á àti ọdún rẹ̀. Kí ó fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà, kí ó má lo báírò. Níbi tí nẹ́gẹ́tíìfù bá ṣì wà, kí a bẹ ìdílé onífọ́tò kí wọ́n má sun ún, kí ilé-ìkàwé wa sì gbà á pamọ́. Fọ́tò tí kò ní orúkọ ṣì jẹ́ àwòrán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi rántí mọ́.