Èéhù Tó Dá Hamburg Láàmú

Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ ìlú Hamburg ní Jámánì kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀ gba àríwá Jámánì kan. Wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru kùkúńbà Sípéènì. Bakitéríà E. coli wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀yà tó fa àìsàn náà; ó dùn mí gan-an fún àwọn àgbẹ̀ tí ọjà wọn jẹrà láìṣẹ̀. Èéhù irúgbìn fenugreek tí wọ́n jẹ láìsè ló gbé ẹ̀yà tó fà á, O104:H4, wọlé. Ẹ̀yà yìí lè lẹ̀ mọ́ ìfun bí àtè. Fáírọ́ọ̀sì kan sì ti fi àbùdá májèlé Shiga, tó ń ba kíndìnrín jẹ́, sí i lára. Ó lé ní 50 ènìyàn tó kú.