Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá èèyàn sí, ṣé ó ní àtẹ̀gùn?



Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní inbox ni: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń wá èèyàn sí ní Kánádà báyìí?" Nọ́ọ̀sì ni o, ìtọ́jú arúgbó ni o, awakọ̀ tírélà ni o, káfíńtà ni o. Ìbéèrè gidi ni, torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀nà là fún èèyàn. Àmọ́ ó ku ìbéèrè kejì tí a kì í sábà bi: tí mo bá wọlé tán, ṣé iṣẹ́ yẹn á jẹ́ kí n gòkè? Ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì níbí, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀: ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ tí wọ́n ń wá èèyàn sí, kì í ṣe àtẹ̀gùn. Àwọn tó gòkè ṣáájú wa ní ìlú yìí, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan àtẹ̀gùn tí wọ́n gùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú irin. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Kánádà ti ń gba àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ pọ́tà nínú kọ́ọ̀ṣì tí èrò ń sùn sí. Wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń nu bàtà, òru mọ́jú. Àwọn kan wá láti Nova Scotia, àwọn kan láti Amẹ́ríkà, àwọn kan láti Karíbíánì. Àwọn mìíràn nínú wọn kàwé dé yunifásítì, iṣẹ́ mìíràn ni ò sẹ́ni tó fẹ́ fún wọn. Èrò ọkọ̀ ò tiẹ̀ bèèrè orúkọ wọn. "George" ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ George Pullman, òyìnbó Amẹ́ríkà tó dá ilé iṣẹ́ kọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀.

Ẹ wo ibi tọ́rọ̀ wà o. Iṣẹ́ ò wọ́n wọn, ìgbéga ló wọ́n wọn. Ọ̀gá pọ́tà ni kọ́ńdọ́tọ̀ (kì í ṣe kọ́ńdọ́tọ̀ dánfó Òṣòdì o), òyìnbó nìkan ni wọ́n sì ń fi sípò yẹn. Pọ́tà lè lo 20 ọdún, kó mọ iṣẹ́ náà dénú, kódà kó máa ṣe iṣẹ́ kọ́ńdọ́tọ̀ gan-an nígbà mìíràn, pọ́tà náà ni wọ́n á ṣì máa pè é. Mímọ iṣẹ́ ṣe kọ́ ló kù. Òfin ilé iṣẹ́ ló dí ọ̀nà.

Stanley Grizzle, ọmọ tí wọ́n bí ní Toronto fún àwọn òbí tó wá láti Jàmáíkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ́tà ní 1940. Ní 1945, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, Brotherhood of Sleeping Car Porters, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Canadian Pacific Railway. Owó lọ sókè, ìsinmi wọlé. Ìgbéga ò tíì dé. Nígbà tó di 1953, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin pé agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ṣe ìyàtọ̀ láàárín òṣìṣẹ́. Grizzle àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òfin náà dání, wọ́n fi ẹjọ́ sùn. Ní 1955 ni aláwọ̀ dúdú tó wá di kọ́ńdọ́tọ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn àdéhùn! Ní 1978, Grizzle fúnra rẹ̀ di adájọ́ tó ń búra fún àwọn tó fẹ́ di ọmọ Kánádà.

Àwọn èèyàn yìí náà ló tún lọ kan ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1954, Donald Moore, ọmọ Barbados tó ti ṣe pọ́tà rí, kó èèyàn lẹ́yìn láti Toronto lọ bá mínísítà ní Ottawa, Grizzle sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní òfin ìwọ̀lú Kánádà ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú. Ìjọba ṣí i díẹ̀ lọ́dún kejì, àmọ́ ibi tí àìrí òṣìṣẹ́ ti ń dun àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣí i sí: iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Obìnrin 100 ló kọ́kọ́ dé, 75 láti Jàmáíkà, 25 láti Barbados. Wọn ò gbọdọ̀ lọ́kọ, wọn ò gbọdọ̀ bímọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kàwé. Lẹ́yìn ọdún kan nínú ilé onílé, wọ́n lè wá iṣẹ́ mìíràn.

Jean Augustine gba ọ̀nà yìí wọlé láti Grenada ní 1960. Tíṣà ni nílé. Ní Toronto, ó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ìwé ẹ̀rí master's pamọ́ sínú àpótí kẹ́ ẹ tó lọ bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́ ní warehouse, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ọdún kan rẹ̀ pé, ó padà sídìí ìwé, ó di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé ìwé. Ní 1993, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kánádà. Ní 2007, ìjọba Ontario fi í ṣe Fairness Commissioner àkọ́kọ́, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ àwọn tó ń fúnni ní láìsẹ́ǹsì, bóyá wọ́n ń ṣe dáadáa sẹ́ni tó gba ìwé ẹ̀rí lókèèrè. Tíṣà tí wọ́n mú wá ṣọmọ ọ̀dọ̀ ló wá ń bi àwọn oníláìsẹ́ǹsì léèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di ìtàn "ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ kára á yọrí." Ó ṣiṣẹ́ kára lóòótọ́, àmọ́ àkàbà kan wà nínú ètò yẹn: lẹ́yìn ọdún kan, o lè kúrò. Ní 1973, ìjọba gbé ìwé iṣẹ́ onígbà díẹ̀ dé, èyí tí wọ́n so mọ́ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn náà ṣiṣẹ́ kára, àmọ́ ìwé ò jẹ́ kí wọ́n lè rìn.

Lónìí ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó lo ọ̀pọ̀ ọdún nílé, tó wá ń ṣe PSW ní Scarborough tàbí Brampton, kì í ṣe ìtàn àjèjì fún wa. Òfin ti yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2013, Ontario Human Rights Commission sọ pé kí wọ́n máa béèrè "Canadian experience" lè jẹ́ ìyànjẹ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026, agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 25 sókè ní Ontario ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìpolówó iṣẹ́ mọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ lè lò ó. Òfin tí ẹnikẹ́ni ò gbé dání, bébà lásán ni.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ torí pé wọ́n ń wá èèyàn sí i, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé ìwé mi máa jẹ́ kí n yí agbanisíṣẹ́ padà? Ta ló ń fúnni ní láìsẹ́ǹsì iṣẹ́ mi gan-an, kí ni wọ́n ń béèrè, èwo ni mo lè ṣe kí n tó kúrò nílé? Ṣé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, kí sì ni àdéhùn wọn sọ nípa ìgbéga? Ìdáhùn ìkẹta yìí la kì í kà sí, òun ló sì gbé àwọn pọ́tà dé ipò kọ́ńdọ́tọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kúrò ní PSW dé nọ́ọ̀sì, tàbí láti warehouse dé ọ́fíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é sísàlẹ̀ níbí: ọdún mélòó, èló, ta lẹ lọ bá. Ẹnì kan máa kà á lálẹ́ òní nínú bọ́ọ̀sì TTC, lójú ọ̀nà iṣẹ́ òru.