Láti Agbo Ilé dé Ìlú Ọba: Ìtàn Ọmọ tí A Fi Sọ́dọ̀ Ẹbí

Ó ṣòro kí a rí ọmọ Yorùbá tó ti pé ogójì ọdún tí kò mọ ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i ló dàgbà sí. Bí kì í bá ṣe òun fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n, ọmọ kan tó bá wọn gbélé ni, tí gbogbo ilé ń pè ní àbúrò, tí ẹnikẹ́ni kò sì jókòó ṣàlàyé bí okùn ẹbí ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àṣà náà mọ́ wa lára débi pé a kì í ronú pé ó ní ìtàn. Ó ní in, ìtàn náà sì ti yí lọ́nà púpọ̀ láàárín igba ọdún sẹ́yìn. Èrò tèmi ni pé ohun tó ń ti ọwọ́ wa bọ́ láti ìgbà dé ìgbà ni ojú tó ń ṣọ́ ilé tí ọmọ wà. Bí ilé náà bá ti ń jìnnà sí, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń dín.

Ní agbo ilé ayé àtijọ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ. Bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, tí ìyá rẹ̀ sì ń retí òmíràn, ìyá àgbà á ní kí wọ́n gbé e wá. Wọ́n ń fi ọmọ sọ́dọ̀ obìnrin tí kò tíì bí, kí ilé rẹ̀ má baà dákẹ́, kí ọmọ náà sì bá a pe tirẹ̀ wá. Wọ́n ń gbé ọmọ tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti kú lọ sílé ẹlòmíràn, kí ikú má mọ ibi tó wà. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun mọ igi í gbẹ́, kó mọ irin í rọ tàbí kó kọ́ Ifá, á mú un lọ fún ọ̀gá, ọ̀gá náà sì lè jẹ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ bàbá. Kò sí ìwé kankan. Ìyá á di aṣọ méjì-mẹ́ta mọ́ ẹní kékeré, bàbá á fa ọmọ lọ́wọ́ ní kùtùkùtù, wọ́n á dé ọ̀hún, bàbá á sì sọ gbólóhùn tí gbogbo wa ti gbọ́ rí: “Ọmọ yín rè é o. Ẹ bá wa kọ́ ọ lọ́gbọ́n.”

Òwe tó ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ, ìfẹ́ àwọn baba wa ni àwọn tó ń pa á lónìí ń fi í yìn. Mo rò pé ó tún ní ojú kejì. Igba ènìyàn náà ń tọ́ ọmọ, wọ́n sì ń ṣọ́ alágbàtọ́. Àǹtí tó bá na ọmọ kọjá ààlà, àwọn obìnrin ilé á gbọ́ igbe náà lójú ẹsẹ̀, àwọn àgbà á pè é jókòó. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tán síbẹ̀, ọjọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé e, ìròyìn á ti dé etí ìyá tó bí i ní ìdí àtẹ rẹ̀. Bí ọmọ bá rù, bí àpá bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó máa fi pa mọ́ fún ìyá tó ń ná ọjà kan náà pẹ̀lú alágbàtọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má fi oyin pa ayé àtijọ́ lára jù. Bàbá kan náà tó mú ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ ẹbí lè mú òmíràn lọ sọ́dọ̀ olówó nígbà tí ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ẹjọ́ bá béèrè owó tí kò ní. Ìwọ̀fà nìyẹn. Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́ tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, là á yé wa pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni èlé orí owó. Iṣẹ́ náà kì í dín gbèsè kù. Àgbàlagbà lè ṣe iṣẹ́ olówó tán kó wọlé tirẹ̀ lọ. Ọmọdé ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ olówó ló ń gbé títí wọn yóò fi san owó, ìyẹn sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni owó ti jókòó sáàárín òbí àti ẹni tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tó jẹ gbèsè kò lè fi gbogbo ẹnu béèrè bí ọmọ ṣe sùn àti ohun tó jẹ. Ìjọba amúnisìn ṣòfin lòdì sí i, síbẹ̀ ó ṣì ń bá a lọ wọ inú àwọn ọdún 1930.

Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá fọ́ agbo ilé púpọ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó Ọ̀ṣogùn, Àjàyí tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sì wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown, níbi tí wọ́n ti ń pín àwọn ọmọ tí kò ní ẹbí níbẹ̀ fún ará ìlú àti àwọn míṣọ́nnárì, pé kí wọ́n tọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́. Àjàyí bọ́ sọ́wọ́ rere. Àwọn mìíràn kàn di òṣìṣẹ́ tí kò gba owó. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tó tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta.

Ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àìná tún yàtọ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó o ní Òkè-Odàn ní 1848. Ní 1850, Gezo, ọba Dàhọ̀mì, fà á lé Captain Frederick Forbes lọ́wọ́ kó lè mú un lọ fi ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sọ ọ́, ó di Sarah Forbes Bonetta. Ọmọbìnrin náà bá ìdílé Forbes gbé ní Ìlú Ọba. Forbes kú ní 1851. Ní ọdún yẹn kan náà wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Freetown fún ẹ̀kọ́ nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé òtútù á pa á. Ní 1855 ó tún ti wà ní Ìlú Ọba, lọ́tẹ̀ yìí lọ́dọ̀ ìdílé James Schön ní ẹkùn Kent. Schön yìí ló bá Crowther rin ìrìn àjò odò Ọya ní 1841, nítorí náà ilé náà kò ṣàì mọ nǹkan nípa ilẹ̀ tí ọmọ ti wá. Nígbà tó tó ọkọ í fẹ́, wọ́n kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá kan ní Brighton, kò sì fẹ́ràn ibẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ James Labulo Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ní 1862. Ọbabìnrin ń sanwó, ó sì ń kọ lẹ́tà, inú rere ni. Síbẹ̀, àwọn àgbà ló ń pinnu ilé tó kàn, kò sì sí ẹbí kan nítòsí tó lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ní Ìbàdàn, lọ́dún 1853, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì David àti Anna Hinderer dé, ìbẹ̀rù ará ìlú ni pé àwọn òyìnbó yìí fẹ́ kó ọmọ sálọ. Olóyè Olúnlóyọ̀ ló fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́. Àwọn òbí mìíràn tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Kúdẹtì tí míṣọ́n wà kò jìnnà sílé ẹnikẹ́ni. Ìyá lè lọ wo ọmọ rẹ̀ kó sì padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Láti ìgbà náà ni ìwé ti di ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń mú ọmọ kúrò nílé. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, pàdánù bàbá rẹ̀ ní 1920. Ó kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ bí òun ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní Abẹ́òkúta, tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún wọn kí owó ilé-ìwé lè jáde. Nínú Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981, iyàrá ìyá rẹ̀ kún fún àwọn ọmọ tí òun kọ́ ló bí wọn, tí wọ́n ń sùn lórí ẹní. Ilé tíṣà nìyẹn, irú ilé tí gbogbo òbí ń fojú sí. Ẹni tó bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ ìṣe ibẹ̀: àkùkọ kò tíì kọ tán tí ọmọ ti ru koroba lọ sódò, ó ti gbálẹ̀, ó ti fọ bàtà ọ̀gá, kí ó tó di ọmọ ilé-ìwé bí àwọn yòókù. Nídìí ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ọmọ bíbí inú ilé, ẹran fún tọ̀hún, omi ọbẹ̀ fún tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkórè, bàbá á gbé iṣu àti epo wá láti oko, á sùn mọ́jú, á bi tíṣà léèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe sí, á sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Awólọ́wọ̀, ọmọ tó gbé ilé onílé nítorí owó ilé-ìwé, ló padà di olórí ìjọba tó sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò nílò láti fi ilé sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ álífábẹ́ẹ̀tì mọ́. Ohun tí kò sí ẹni tó rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn ìyá náà yóò bọ́ sí ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù, tí ọmọ àbúrò tó lè bá wọn gbé ọmọ jòjòló yóò sì wà ní kíláàsì. Wọ́n bá ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ lọ sí ibi tó jìnnà: orílẹ̀-èdè Benin, Akwa Ibom, Benue. Alágbàtà ló ń kó wọn wá, òun ló ń gba owó ọdún, ó sì máa ń jẹ́ pé ìyá tó bí ọmọ kò mọ orúkọ àdúgbò tí ọmọ wà.

Àwọn ará wa tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba láti àwọn ọdún 1950 náà kò bọ́ nínú ìṣòro yìí. Ọkọ ń ka ìwé òfin lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lóru. Ìyàwó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, onílé kò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n bá ń polówó nínú ìwé ìròyìn bíi Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Àwọn obìnrin òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex ń dáhùn, wọ́n ń gba owó ọ̀sẹ̀. Lójú òbí, ohun tí ìyá wọn ṣe nílé náà ni wọ́n ṣe: wọ́n rí àǹtí tó máa bá wọn tọ́ ọmọ títí wọ́n á fi ṣe tán. Lójú ọ̀pọ̀ òyìnbó, òbí tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kì í gbé e sílẹ̀, nítorí náà ọmọ ti di tiwọn. Ní Sátidé, bàbá àti ìyá á wọ rélùwéè pẹ̀lú bàtà tuntun àti bisikí, ọmọ á sì sá sẹ́yìn yẹ̀rì obìnrin ilé. Nígbà tí ìwé bá tán, tó ku kí wọ́n padà sílé, ọmọ ọlọ́dún márùn-ún kò gbọ́ Yorùbá, kò sì mọ ẹni tó fẹ́ mú un lọ. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà lára wọn. Ó ṣì jẹ́ ìkókó nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn afárí tó kórìíra aláwọ̀ dúdú ni òun fúnra rẹ̀ tún lọ dara pọ̀ mọ́. Fíìmù tó dá lórí ayé rẹ̀ yìí, tó pè ní Farming, ni ó gbé jáde ní 2018.

Ikú ọmọ kan tí kì í ṣe Yorùbá ló mi òfin Ìlú Ọba. Victoria Climbié wá láti Ivory Coast. Òbí rẹ̀ fi í lé ẹbí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó lọ kàwé ní Yúróòpù. Wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1999, ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ náà sì kú ní oṣù Kejì 2000 lẹ́yìn ìyà tí ènìyàn kò lè ka àpá rẹ̀ tán. Ọlọ́pàá, dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti rí i kó tó kú. Ìjábọ̀ Lord Laming jáde ní 2003, òfin tuntun tẹ̀ lé e ní 2004. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́dọ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kì í ṣe ẹbí tó sún mọ́ ọn, gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, òṣìṣẹ́ yóò sì máa yọjú wo ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ní ọdún àkọ́kọ́. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí wà lára ẹbí tó sún mọ́ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá kò sí níbẹ̀. Àwa tí a ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ní ẹ̀gbọ́n wa láìwẹ̀yìn, òfin yìí ń bà wá lẹ́rù, ọ̀pọ̀ ni kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Níhìn-ín, ìdàkejì rẹ̀ ni. Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, Èkó sọ ọ́ di tirẹ̀ ní 2007. Orílẹ̀-èdè Benin ṣòfin lórí kíkó ọmọdé káàkiri ní 2006, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi Etireno padà sí Cotonou pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ sí Gabon. Òfin Nàìjíríà kò fẹ́ kí ọmọdé ṣiṣẹ́ àfi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ fún ẹbí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ènìyàn ń gbà jáde. Kí òṣìṣẹ́ tó kanlẹ̀kùn, wọ́n ti kọ́ ọmọ tán: “Àǹtí mi ni.” Wọn kì í purọ́ ní gbogbo ìgbà, nítorí ó lè jẹ́ àǹtí rẹ̀ lóòótọ́. Victoria náà, ẹbí rẹ̀ ló pa á. Bí èmi bá jẹ́ òṣìṣẹ́ náà, n kò ní fi àsìkò ṣòfò lórí irú ẹbí tí wọ́n jẹ́ síra wọn. Ohun tí màá bi ọmọ ni ìgbà tí ìyá rẹ̀ wá wò ó kẹ́yìn. Wọ́n lè sọ pé WhatsApp wà, pé ìyá ń rí i lójú fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màá tún béèrè ẹni tó ń bá a di fóònù náà mú.